Àwọn Ọmọ Arna: Tíátà Àwọn Èwe ní Ibùdó Jẹ́nínì

Nígbà tí olùkọ́ ilé-kéwú bá ní kí àwọn ọmọ ṣe eré níbi wọ́límọ̀, àwọn òbí kan máa ń béèrè pé kí ni eré fẹ́ ṣe fún ọmọ lọ́la. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ẹni tó ń tọ́ ọmọ ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà tí a wò, tí ó mú wa rò ó bóyá ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí á máa fi díwọ̀n eré àwọn ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni Arna's Children, ìyẹn Àwọn Ọmọ Arna. Juliano Mer-Khamis àti Danniel Danniel ni wọ́n jọ ṣe é. Ó jáde ní ọdún 2004, ó sì gba ẹ̀bùn fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tó dára jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Tribeca ní New York ní ọdún kan náà. Ìtàn tó sọ ni ti ilé eré kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ibùdó àwọn ogunléndé ní Jẹ́nínì, ní ilẹ̀ Palẹsítínì.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́ nípa ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ irú ibi tó jẹ́. Ọdún 1953 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀ fún àwọn tí ogun ọdún 1948 lé kúrò ní ìlú àti abúlé wọn. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ibi tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti kìlómítà kan lóòró, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló há síbẹ̀ tí wọ́n bímọ, tí àwọn ọmọ náà tún bímọ. Ní ìparí ọdún 1987, ìdìde tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Intifada bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ti àwọn ilé-ìwé pa káàkiri apá ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òfin kónílé-ó-gbélé tún ń wáyé lemọ́lemọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò rí ilé-ìwé lọ, kò sì rí ìta jáde sí.

Àsìkò yìí ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Arna Mer-Khamis wọ ibùdó náà. Júù ni. Ọdún 1929 ni wọ́n bí i, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun àwọn Júù ní ọdún 1948 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ni ó yí ọkàn padà, ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ó sì fẹ́ Saliba Khamis, Lárúbáwá Palẹsítínì tó jẹ́ Kristẹni àti aṣáájú nínú ẹgbẹ́ náà. A mọ̀ pé àwọn kan lára àwọn òǹkàwé wa yóò ti máa wò ó pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí á máa gbé sí ojú ewé ìwé ìròyìn yìí. Kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Àwọn ará ibùdó náà fúnra wọn fura sí i nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ta ni kò ní fura? Ohun tó mú ìfura náà kúrò ni pé ó ń padà wá ṣáá, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú ọ̀dà àti gègé ìkùn, ó ń jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ti ilé-ìwé mọ́. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Ìtọ́jú àti Ẹ̀kọ́ ti jáde, tí wọ́n sì dá àwọn ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Jẹ́nínì.

Ní ọdún 1993, wọ́n fún Arna ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní Stockholm, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní Nobel kejì. Kò fi owó náà kọ́lé ara rẹ̀. Ó fi dá tíátà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, orí òkè ilé ìyá kan tó ń jẹ́ Samira Zubeidi ni wọ́n sì ṣe é sí. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Tíátà Òkúta. Ẹni tó bá rántí àwòrán àwọn ọmọ tó ń sọ òkúta lu ọkọ̀ ogun onírin ní àkókò náà yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Juliano, ọmọ Arna, tó jẹ́ òṣèré fíìmù, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ṣíṣe. Ó sì mú ẹ̀rọ ayàwòrán dání. Láti ọdún 1989 títí di ọdún 1996 ni ó fi ń ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, láìmọ ohun tí àwòrán náà yóò padà wúlò fún.

Ibi tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, Arna wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn ṣọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Àrùn jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ lára nígbà náà, irun orí rẹ̀ ti re, ó sì fi ìborí àwọn ará Palẹsítínì wé orí. Ẹni tí ikú ń kàn lẹ́kùn ni, ṣùgbọ́n ariwo ni ó ń pa mọ́ àwọn tó dí ọ̀nà. Ọdún 1995 ni ó kú. Níbòmíràn a rí ọmọ kékeré kan, Ala, tó jókòó sórí àwókù ilé wọn tí àwọn ọmọ ogun wó. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. A rí Arna láàárín àwọn ọmọ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú. Ó ní kí ọmọ kan kà á sí pé òun ni ọmọ ogun náà, kí ó ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ọmọ náà sì gbá a. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù náà, ibí yìí ni a rò pé ó fi iṣẹ́ tíátà hàn jù. Ìbínú náà ti wà nínú ọmọ kí Arna tó dé. Ó kàn wá ibi tí yóò gbà jáde tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ni.

Lára eré tí àwọn ọmọ náà ṣe ni Fìtílà Kékeré, ìtàn tí Ghassan Kanafani kọ fún Lamis, ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí. Àwọn méjèèjì ni bọ́ǹbù tí wọ́n dẹ sínú ọkọ̀ pa ní Beirut ní ọdún 1972. Ìtàn náà ni ti ọmọ ọba kan tí bàbá rẹ̀ kú, tó sì sọ fún un pé kò lè jọba àfi bí ó bá gbé oòrùn wọ inú ààfin. Ọmọ náà gbìyànjú títí, kò rí i ṣe. Nígbẹ̀yìn, àwọn ará ìlú rọ́ wá pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà kò gbà wọ́n, ọmọbìnrin náà sì pàṣẹ pé kí wọ́n wó ògiri ààfin. Bí ògiri ti wó ni oòrùn wọlé. Ẹ wo irú àwọn ọmọ tó ń ṣe eré yìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ògiri wíwó ni pé bí katapílà bá dé, ìyá a máa sunkún. Lórí ìtàgé yìí, àwọn ni wọ́n pàṣẹ kí ògiri wó, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì mú wá. Olùkọ́ tó yan eré yìí fún wọn mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn ikú Arna, ẹ̀rọ ayàwòrán dákẹ́. Oṣù kẹrin ọdún 2002, lẹ́yìn àwọn ìkọlù tí àwọn kan láti Palẹsítínì ṣe ní àwọn ìlú Ísírẹ́lì, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ya wọ ibùdó Jẹ́nínì. Nígbà tí ìjà parí, wọ́n ti fi katapílà tẹ́ àárín ibùdó náà pẹrẹsẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka òkú ará Palẹsítínì tí kò dín ní 52 àti ọmọ ogun Ísírẹ́lì 23. Tíátà Òkúta náà wó. Ìyá Samira tó fi òkè ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ti bá ìbọn lọ ní oṣù tó ṣáájú. Juliano padà sí ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ láti béèrè àwọn ọmọ tí òun kọ́ ní eré.

Ìdáhùn tó gbà ni ìdajì kejì fíìmù náà, ó sì ṣòro láti wò. Youssef, ọmọ tó máa ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ti kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, ọta ọkọ̀ ogun onírin bà sí ilé-ìwé kan ní Jẹ́nínì. Youssef gbé ọmọdébìnrin kan tó fara gbọgbẹ́ jáde, ọmọ náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ẹni tí àwọn mọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, òun àti ẹnìkan wọ ìlú Hadera ní Ísírẹ́lì, wọ́n yìnbọn sí àwọn ènìyàn lójú pópó, obìnrin mẹ́rin kú, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ashraf kú sínú ìjà oṣù kẹrin ọdún 2002. Ala, ọmọ orí àwókù ilé, ti di ọ̀gá àwọn tó ń gbé ìbọn nínú ibùdó. Fíìmù náà tẹ̀lé e, ó ń fi ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé wé ojú rẹ̀ nígbà tó di ọkùnrin, títí wọ́n fi pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 2002. Zakaria, ọmọ Samira, wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù.

Ohun tó fún fíìmù yìí lágbára ni bí wọ́n ṣe to àwòrán rẹ̀. Wọn kò sọ ìgbà èwe tán kí wọ́n tó sọ ti ikú. Bí wọ́n bá ti fi òkú hàn wá, kíá ni wọ́n ó padà sí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó sọ lórí ìtàgé. A ti mọ bí yóò ṣe kú, a sì tún ń wo bí ó ṣe ń kọ́ eré. Juliano fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n, kò bẹ̀ wá kí á káàánú. Irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó kọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà dájọ́ irú ilé eré yìí. Àwọn kan á ní, ẹ wò ó, ẹ kọ́ wọn ní eré, ẹ fún wọn ní ọ̀dà, ìbọn náà ni wọ́n padà gbé, owó yín ṣòfò. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ń wá owó ìrànlọ́wọ́ fún tíátà káàkiri ayé, á ní tíátà ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìwà ipá, bí ìgbà tí wọ́n bá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́: pé ohun tí ọmọ dà ní ọmọ ogún ọdún ni òṣùwọ̀n eré tó ṣe ní ọmọ mẹ́wàá.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín eré àti ìbọn, ohun púpọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí tí olùkọ́ eré kò lè dí lọ́wọ́: ilé tó wó, ìyá tó kú, ọmọ tó kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń bi olùkọ́ ìṣirò bóyá ìṣirò rẹ̀ dá ogun dúró. Ohun tí a lè bi tíátà àwọn èwe ni ohun tó ṣe fún ọmọ ní ọjọ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ṣé ó rí ibi tí ẹ̀rù kò ti bà á? Ṣé ó sọ ohun tí kò rí sọ nílé? Ṣé ó mọ bí a ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnìkejì kí a tó sọ tiwa? Lórí àwọn ìbéèrè yìí, àwòrán tó wà nínú fíìmù náà jẹ́rìí fún Tíátà Òkúta. Àwọn ọmọ náà ní ọdún díẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ojúgbà wọn ní ibùdó náà kò rí tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, a ní ẹjọ́ tí a fẹ́ rò pẹ̀lú àwọn tó ṣe fíìmù yìí. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn obìnrin mẹ́rin tó kú ní Hadera. A mọ ìdí tí Youssef fi yí padà, fíìmù náà sì jẹ́ kí ó yé wa gan-an. Ti àwọn tó pa kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọ́n sì kọjá bí òjìji. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti pa obìnrin àti ọmọdé. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ènìyàn kò sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó bá ń wo fíìmù yìí má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dùn ọkàn gbé èyí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. A kò sọ pé kí Juliano wàásù. A ní kí ó dúró díẹ̀ sí i níwájú àwọn òkú náà, bí ó ti dúró níwájú àwọn tó kù.

Ẹ̀kejì, àwọn ọmọbìnrin dà? Àwọn ọmọkùnrin tó gbé ìbọn ni Juliano padà wá. Kò tẹ̀lé ọmọbìnrin kan láti ìgbà èwe rẹ̀ dé ìgbà tó di àgbà, kí á lè mọ ohun tí eré ṣe nígbèésí ayé rẹ̀. Bóyá òun ni ì bá fún wa ní ìdáhùn tó yàtọ̀. Samira náà, tí ilé rẹ̀ ru tíátà, kò gba ààyè tó tọ́ sí i. Arna gba ẹ̀bùn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin Mùsùlùmí tó gbà kí ogunlọ́gọ̀ ọmọ máa fò lórí òkè ilé rẹ̀, ní ibi tí ṣọ́jà lè já wọlé nígbàkigbà, ohun tó fi sílẹ̀ ju owó lọ. Tíátà náà di ti ará ibùdó nítorí pé inú ilé ọ̀kan nínú wọn ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tó tẹ̀lé e. Fíìmù náà lọ káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì rọ Juliano pé kí ó tún tíátà náà dá. Ní ọdún 2006, òun àti Zakaria Zubeidi àti Jonatan Stanczak láti Sweden dá Tíátà Òmìnira sílẹ̀ ní ibùdó náà. Ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ eré fún àwọn ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àtakò sì dé láti inú ibùdó gan-an. Àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gun orí ìtàgé pẹ̀lú ọmọkùnrin. Nígbà tí wọ́n ṣe Animal Farm, ìtàn tí George Orwell kọ, ní ọdún 2009, inú bí àwọn kan pé ọmọ Mùsùlùmí ń ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n dáná sun ẹnu ọ̀nà tíátà náà.

Ojú wa lórí èyí kò pé méjì. Ẹlẹ́dẹ̀ inú ìtàn náà ni ọ̀dàlẹ̀ tó gba ìjọba tán tó sì di aninilára. Ìtàn náà ń bú u ni, kò yìn ín, ọmọ tó bá sì ṣe é lórí ìtàgé kò jẹ ẹran rẹ̀. Ẹni tó dáná sun ilé tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe ẹ̀sìn kankan lóore. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn òbí nípa àwọn ọmọbìnrin wọn yẹ ní títẹ́tí sí, kò yẹ kí á kà á sí àìmọ̀kan lásán. Láyé Arna, òkè ilé ìyá kan ni eré wà, ìyá mìíràn lè gòkè lọ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Bí ilé eré bá ti ń tóbi, tí àwọn àlejò láti òkè òkun ń wọ́ wá, a rò pé ó di dandan kí àwọn ìyá ibùdó ní àga tiwọn níbi tí wọ́n ti ń yan eré.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2011, ẹnìkan tó da nǹkan bojú yìnbọn pa Juliano nínú ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí tíátà náà. Ọmọ ọdún 52 ni. Àwọn tó kù kò ti ilé náà pa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì já wọ ibẹ̀, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì mú Ahmed Tobasi tó ń darí eré àti Mustafa Sheta tó jẹ́ alákòóso. Wọ́n tètè dá Tobasi sílẹ̀. Sheta wà látìmọ́lé láìsí ẹjọ́ títí di oṣù kẹta ọdún 2025. Zakaria, tó sá jáde ní ẹ̀wọ̀n Gilboa ní ọdún 2021 tí wọ́n sì tún mú un, gba òmìnira ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 nígbà tí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ní oṣù kan náà ni àwọn ọmọ ogun tún ya wọ ibùdó Jẹ́nínì, tí wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀ jáde, tí ilé tíátà náà sì bọ́ sí àárín ibi tí àwọn tó ni ín kò lè wọ̀.

Ìṣẹ́jú 84 ni fíìmù náà. Èdè Lárúbáwá àti Hébérù ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òkú wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ọmọdé á jókòó tì lóun nìkan. Kí òbí kọ́kọ́ wò ó, kí ó tó pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wò ó pọ̀ lè dá a dúró níbi tí Arna ti ní kí ọmọ náà gbá òun, kí wọ́n bi ara wọn ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó máa bá a lọ.